FDI ò lè sọ iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ àjèjì ń ṣe fún wa

Àná ni mo dúró ní ìsọ̀ ìyá kan tó ń ra kajú ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó fi ọ̀bẹ la kóró kan sí méjì, ó ń wò bóyá inú ẹ̀ funfun, ó ní òkè òkun làwọn tó ń rà á lọ́wọ́ òun ń kó o lọ. Ọ̀rọ̀ FDI, ìyẹn owó táwọn àjèjì fi ń dókòwò nínú ilé iṣẹ́ nílẹ̀ ibòmíì, bá sọ sí mi lọ́kàn, torí ojoojúmọ́ là ń gbọ́ lórí rédíò pé ó gòkè, ó já wálẹ̀, àfi bíi pé òun gan-an niṣẹ́ táwọn ilé iṣẹ́ àjèjì ń ṣe.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá o. Tí àjèjì bá ti ní 10% agbára ìbò nínú ilé iṣẹ́ kan, FDI ni wọ́n ń ka owó tó fi síbẹ̀ sí. Owó nìkan ló ń kà, kò ka òṣìṣẹ́, kò ka ọjà tí wọ́n tà. Tí ilé iṣẹ́ yẹn bá yá owó ní báńkì wa níbí, tó fi ra ẹ̀rọ tó sì gba èèyàn síṣẹ́, kò ní hàn níbẹ̀.

Ẹ tún wo Luxembourg, orílẹ̀-èdè kékeré ní Yúróòpù tí èèyàn ibẹ̀ ò ju bíi 600,000 lọ nígbà yẹn, lọ́dún 2019 àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ fún IMF, àjọ tó ń rí sí ètò owó lágbàáyé, pé FDI ibẹ̀ tó tírílíọ̀nù 4 dọ́là, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló kàn ń gba inú ilé iṣẹ́ tí ò ní òṣìṣẹ́ kọjá.

Ó ká mi lára gan-an. Amẹ́ríkà ti ń ka òṣìṣẹ́ àti ọjà títà àwọn ilé iṣẹ́ àjèjì lọ́tọ̀ tipẹ́, ó yẹ káwa náà ṣe é, ká ka àwọn bí ọmọbìnrin mẹ́rin tó jókòó sórí àpótí ní ìsọ̀ ìyá yẹn, tí wọ́n ń ṣa kajú títí ilẹ̀ fi ṣú.