Gígun Kẹ̀kẹ́, Gígun Òkè

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kinder Scout, òkè kan ní ilẹ̀ England, kí n tó fi ẹsẹ̀ mi tẹ orí rẹ̀. Manchester ni mò ń gbé. Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń gba Snake Pass, ọ̀nà ọlọ́dà tó ga tó mítà 510 níbi tó ga jù, tàbí kí n lọ bá Winnats Pass wọ̀jà nítòsí Castleton, níbi tí ọ̀nà ti dagun débi pé gíà tó fúyẹ́ jù lọ kì í tó mi. Ojú mi kì í kúrò lára ọ̀dà àti aago ọwọ́ mi. Òkè tó wà lápá ọ̀tún mi, mo kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni.

Nínú oṣù Keje, ìyàwó mi ní: “Dádì, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yìí sinmi lónìí. Ẹ bá wa rìn.”

A wọ rélùwéè ní Manchester Piccadilly, nígbà tó fi máa tó bí ìṣẹ́jú 45, a ti sọ̀ ní abúlé Edale. Ibẹ̀ ni Pennine Way, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gùn ju máìlì 250 lọ, ti bẹ̀rẹ̀. A rìn láàárín pápá àgùntàn títí a fi dé ìdí Jacob's Ladder, àtẹ̀gùn òkúta tó gun òkè náà. Èmi tí mo lọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Ìdànrè, àkàsọ̀ Jékọ́bù ni mo kọ́kọ́ rò. Àgbẹ̀ kan, Jacob Marshall, ni wọ́n ń sọ, òun ló gbẹ́ àtẹ̀gùn náà láyé ọjọ́un.

Mo rò pé ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kò ní í rí ìyọnu níbẹ̀. Èémí mi tó o lóòótọ́. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ni kò mọ nǹkan kan, torí pẹ́dàlì kì í yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ bí òkúta ṣe ń yẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ń ṣe ohun kan náà lẹ́gbẹ̀rún ìgbà. Níhìn-ín, ìgbésẹ̀ kan kò jọ ìkejì. Mo ní láti máa wo ilẹ̀, bí mo sì ṣe ń wo ilẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí rí nǹkan.

Mo rí ilẹ̀ dúdú tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Mo rí èso bilberry wẹ́wẹ́ lábẹ́ ewé, ọmọ wa já a jẹ títí ètè rẹ̀ fi dà bíi ti ẹni tó mu aró. Ẹyẹ kan ń kọrin lókè réré, a wò títí, a ò rí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni gbogbo èyí fi wà nítòsí mi, tí afẹ́fẹ́ etí mi kò jẹ́ kí n gbọ́.

Nígbà tí a dé Kinder Low, lórí òkè náà, ní mítà 633, a jókòó jẹ mọ́ínmọ́ín. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti sọ fún ọmọ wa pé nígbà kan, ẹni bíi tiwa kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀. Àwọn onílẹ̀ fi í ṣe ibi tí àwọn ọlọ́lá ti ń yìnbọn pa ẹyẹ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́, gbéra láti Hayfield, wọ́n sì gun òkè náà láìgbàṣẹ. Wọ́n ju márùn-ún sẹ́wọ̀n. Benny Rothman, ọmọ 20 ọdún, wà lára wọn. Mo ronú kan àwọn ọmọ yẹn gan-an. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà etí òkè la tọ̀ dé Kinder Downfall, ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti etí òkè. Kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ni ín. Omi náà tín-ín-rín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ìwọ̀ oòrùn mú un, ó fẹ́ ẹ padà sókè, ó sì ta sí wa lójú. Ọmọ wa pariwo ayọ̀. Èmi náà pariwo.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló fi ojú mi rí màbo. Lórí kẹ̀kẹ́, gígun ni iṣẹ́, ìsọ̀kalẹ̀ ni owó ọ̀yà. Lórí ẹsẹ̀, itan ẹni gan-an ni bíréèkì, ọjọ́ mẹ́ta ni mo sì fi ń di ara ògiri mú sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó mú omi dání dáadáa, kó sì mú aṣọ òjò, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn: ojú ọjọ́ orí òkè kì í bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ dáadáa, ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí a délé. Mo pe ìyá mi ní Ìdànrè, mo ròyìn fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Òkè tí àwọn baba wa ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ wá sí ilẹ̀,” ni wọ́n wí, “ìwọ kò gùn ún ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí o tó rìnrìn àjò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó ṣì wà níbẹ̀. Mú ọmọ mi wá.”

Mo ti ń wo owó ọkọ̀ òfúrufú ti Disẹ́ńbà.