Kí ẹ tó pín ìwé ìbéèrè: fún ẹ̀yin tó ń ṣe máásítà lórí bí ọmọ ṣe ń yan iṣẹ́

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí máásítà lórí Ìtọ́sọ́nà àti Ìgbaninímọ̀ràn nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ ọmọ SS2 ló ń lọ: iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe, ta ló ń tì í síbẹ̀, ṣé ìpinnu rẹ̀ dá a lójú? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní 1959 ni St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ti kó àwọn oníṣẹ́ oríṣiríṣi jọ láti bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Orí kejì, níbi tí a ti ń yẹ iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú wò, ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n, ìyẹn ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi wọn àwọn ọmọ, ló sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú òṣùwọ̀n Taylor àti Betz, èyí tó ń wọn bí ó ṣe dá ènìyàn lójú tó pé òun lè ṣe ìpinnu nípa iṣẹ́. Gbólóhùn 50 ló ní nígbà tó jáde ní 1983. Ní 1996, wọ́n gé e kù sí 25: mímọ ara ẹni, wíwá ìròyìn nípa iṣẹ́, yíyan ibi tí a ń lọ, ṣíṣètò, àti bíborí ìṣòro, márùn-ún márùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Lọ́hùn-ún, ọmọ lè wọlé kó tó pinnu ohun tó fẹ́ kà, ó sì lè yí i padà lẹ́yìn ọdún kan. Ọmọ SS2 ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà ní sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáṣà láti SS1, ohun tí WAEC àti JAMB sì ń béèrè ti dè é mọ́ ibẹ̀. Bí gbólóhùn kan bá bi í bóyá ó lè yí ohun tó ń kà padà, òfin ìdánwò ló ń dáhùn, kì í ṣe ọkàn rẹ̀.

Òṣùwọ̀n Savickas àti Porfeli, tó jáde ní 2012, tó ń wọn bí ènìyàn ṣe lè bá àyípadà nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ, tún gba àròjinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Gbólóhùn 24 ni, mẹ́fà mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin, ọ̀kan nínú ọ̀nà náà sì ń wò ó bóyá ọmọ lè dá ìpinnu ṣe. Nínú ilé tí àbúrò bàbá ti ń san owó ilé-ìwé, tí ìyá sì ti bá pásítọ̀ tàbí àfáà sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, ọmọ tó mú nọ́ńbà kékeré lè kàn mọ bí wọ́n ṣe ń pinnu nǹkan nílé wọn ni. Bí ẹ bá wá kọ ọ́ sí orí kárùn-ún, níbi tí ẹ ti ń ṣàlàyé àbájáde, pé ọmọ wa kò lè dá nǹkan rò, ẹ ti parọ́ mọ́ ọn. Lójú tèmi, ẹ fi gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún kún un lórí bí ọmọ ṣe ń bá àgbà ilé jíròrò, bó ṣe ń fi sùúrù yí wọn lọ́kàn padà. Ẹ ròyìn máàkì rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má pò ó mọ́ ti àwọn tó ni òṣùwọ̀n.

Bí ẹ bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹni méjì túmọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹni kẹta pa á pọ̀, kí ẹni tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rí tún un dá padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣì nílò ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ tí yóò ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan níwájú yín, tí yóò sì fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Gbólóhùn tó ní “kò” nínú ni yóò kọ́kọ́ dojú rú, nítorí pé ọmọ ní láti sọ pé òun “kò gbà” pé òun “kò lè”.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò lọ́wọ́ ọmọ 30 sí 40 ní ilé-ìwé tí kò sí nínú ìwádìí gan-an. Bí gbólóhùn kan bá ń lọ lódì sí àròpọ̀ àwọn yòókù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó jẹ́ irú èyí tó ní “kò”, tí ẹ gbàgbé láti yí máàkì rẹ̀ padà: lórí 1 sí 5, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 6. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, tí ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú àròpọ̀ náà kò sì tó .30, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà, ẹ bi wọ́n léèrè. Cronbach alpha, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọn gbólóhùn ṣe bára wọn mu tó, ti gbogbo òṣùwọ̀n nìkan kò tó. Bí gbólóhùn bá ti pọ̀, alpha á gbéra fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ ti ìpín kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kódà bó bá jẹ́ .55.

Iye ọmọ ńkọ́? Gbogbo ènìyàn ló ń lo ìlànà ìṣirò Yamane: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 2,000, tí àyè àṣìṣe jẹ́ .05, ẹ nílò nǹkan bí 333. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn gbà pé ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ń ṣa àwọn ọmọ náà, kíláàsì odindi lẹ sì ń mú. Ọmọ ilé-ìwé kan náà máa ń jọra. Bí ìjọra yẹn bá jẹ́ .05, tí ẹ sì mú 30 ní ilé-ìwé mẹ́wàá, ẹ ó pín 300 yín sí 2.45 (1 + 29 × .05), yóò ku bí 122. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ilé-ìwé 20 jẹ́ 300 bákan náà, ṣùgbọ́n 1.7 (1 + 14 × .05) lẹ ó pín in sí, yóò sì ku 176. Owó ọkọ̀ yóò pọ̀ sí i, mo mọ̀, síbẹ̀ ohun tí ẹ ó rí ju owó náà lọ.

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka yín, lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ àti púrínsípà. Ìwé ìyọ̀ǹda òbí ní láti ṣíwájú yín délé ní ọ̀sẹ̀ kan, torí púpọ̀ nínú wọn kò tíì pé 18. Lọ́jọ́ náà, ẹ bẹ tíṣà kíláàsì kó bọ́ síta. Bó bá dúró, ohun tí wọ́n rò pé ó fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa kọ. Ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ìdánwò, kí wọ́n má baà wo ti ara wọn kọ, kí ẹ sì yẹ ìwé wò bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Ẹni tó mú 4 láti òkè délẹ̀ kò kà á.

Ẹ̀yin tó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ìmọ̀ràn ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ dán àwọn ọmọ wò, ètò 3×2×3 yẹn (ohun mẹ́ta tí ẹ fi ń pín àwọn ọmọ: ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́ta, ìkejì ní méjì, ìkẹta ní mẹ́ta) dára lójú lórí ìwé, ṣùgbọ́n yàrá 18, ìyẹn àwùjọ kéékèèké 18, ni. Ọmọ 60 nínú rẹ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló kan yàrá kan, kò sì sí ohun tó dájú tí ẹ lè sọ nípa ọmọ mẹ́ta. Ẹ fi mọ sí ẹgbẹ́ méjì, ẹgbẹ́ kan ní ilé-ìwé kan, òmíràn ní ilé-ìwé mìíràn, torí wọn yóò sọ gbogbo rẹ̀ fún ara wọn nígbà ìsinmi. Bí ẹ bá sì parí ìwọ̀n ìkẹyìn, ẹ padà lọ kọ́ àwọn tí ẹ kò kọ́ ní ẹ̀kọ́ kan náà, kí sáà náà tó tán.