Ẹsẹ mẹ́jọ lójúmọ́

Iná lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde nídàájí òní, gẹ́lẹ́ lórí ẹsẹ 105 nínú Sáàmù 119. Ẹsẹ fìtílà, èyí tó ní "Ọ̀rọ̀ rẹ ni fìtílà fún ẹsẹ̀ mi"! Ẹ̀rín pa mí.

Ẹni tí àdúrà rẹ̀ ti di "Olúwa ṣe tibí, ṣe tọ̀hún", ẹ gbé Sáàmù yìí. Ẹsẹ 176 ni, ìpín 22, ẹsẹ mẹ́jọ-mẹ́jọ, torí lẹ́tà 22 èdè Hébérù ni wọ́n fi tò ó. Ìpín kan lójúmọ́. Ẹ ka ẹsẹ kan sókè, ẹ dákẹ́, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín dá a padà fún Ọlọ́run. Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ ń sọ nílé ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́ o, kì í ṣe Yorùbá orí pẹpẹ. Ohùn ìwàásù ló ń jẹ́ kí àdúrà dà bí aṣọ àyálò lára wa.

Fìtílà yẹn ńkọ́? Tọ́ọ̀ṣì fóònù kì í tàn dé òpin àdúgbò. Gọ́tà tó wà níwájú ẹsẹ̀ ló ń fi hàn. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ tòní nìkan ni kẹ́ ẹ bèèrè níbẹ̀.

Orí bẹ́ẹ̀dì kọ́ o, oorun á gbé yín lọ. Bíbélì oníwèé ló dáa jù, torí fóònù á máa dún. Bí "mi ò tíì dá èsúsú" bá já lu ọkàn, ẹ má bá a jà. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kẹ́ ẹ máa bá ẹsẹ lọ. Bẹ́ ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ má ka ẹsẹ 16 lọ́jọ́ kejì láti fi dí i. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí náà ni.