Ẹ Bá Wa Dúpẹ́: Bàálù Ẹlẹ́rù Dúró, Táyà Rẹ̀ sì Tutù

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì àti ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ kú ọpẹ́ o. Àwọn ọmọ yín tó wà nínú bàálù ológun tí ìjánu rẹ̀ já lórí ilẹ̀ pápákọ̀ òfuurufú ti délé, ojú pé, ẹsẹ̀ pé. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ táyà àti bíréèkì irú bàálù bẹ́ẹ̀ la ń jẹ́rìí yìí, nítorí a mọ bí ibi tí Ọlọ́run ti yọ wọ́n ṣe jìn tó. Ìlú Èkó kò tíì gbàgbé 26 oṣù Kẹsàn-án 1992, nígbà tí irú bàálù yìí kan já sí Ẹ̀jìgbò, tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ṣègbé. Ti ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí rẹ̀ yóò mọ̀ pé orúkọ kan náà lè jẹ́ ẹkún lọ́jọ́ kan, kó jẹ́ orin lọ́jọ́ kejì.

C-130 ni bàálù náà, òun ni wọ́n ń pè ní Hercules. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní, abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin. Táyà ńlá mẹ́rin ló wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Táyà kékeré méjì wà níwájú. Bó bá kún, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 70. Tírélà tó bá gbé àpò sìmẹ́ǹtì 600 jáde ní Odógunyàn, tọ́ọ̀nù 30 ló gbé sẹ́yìn. Ẹ so ẹrù tírélà méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀, kò tíì tó o. Táyà mẹ́rin péré ni wọ́n ní kó dá gbogbo rẹ̀ dúró, nítorí àwọn ti iwájú kò ní bíréèkì rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ táyà iwájú yìí sọ́kàn.

Ohun tó bàjẹ́ kò tóbi. Páìpù rọ́bà kan tí ọ́ìlì ń gbà kọjá ni, tó ń fara gbo irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi lu. Ọ̀nà ọ́ìlì mẹ́ta ni bàálù yìí ní, wọn kò da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ra wọn, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 3,000 psi. psi yìí náà ni fọkanáísà ń pè ní géèjì, 30 sí 35 ló sì ń fún táyà ayọ́kẹ́lẹ́ yín, nítorí náà ẹ mọ ohun tí 3,000 jẹ́: bí ihò abẹ́rẹ́ bá wà lára páìpù, ọ́ìlì á tú jáde bí ìkùukùu. Ọ̀nà kìíní, tí ẹ́ńjìnnì kìíní àti ìkejì ń fún lágbára, ló ń tẹ bíréèkì, òun náà ló ń yí táyà iwájú. Òun gan-an ló lu. Bíréèkì lọ, ìdarí lọ, lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn awakọ̀ tírélà wa lè béèrè ìdí tí táyà kò fi gan fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn ni tírélà ń lò; bí atẹ́gùn bá tán, sípíríńgì inú bíréèkì á di táyà mú, ọkọ̀ á gan síbẹ̀. Ti bàálù yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti dà, kò sí ohun tó ń di táyà mú mọ́, ńṣe ni yóò máa yí lọ.

A dúpẹ́ fún ọwọ́ tó kọ́kọ́ lọ síbi tó yẹ. Awakọ̀ kò dúró máa tẹ pẹ́dà tó ti ṣófo. Ó fa ọ̀pá ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn kí abẹ̀bẹ̀ lè máa fẹ́ atẹ́gùn síwájú, nítorí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ́ìlì tirẹ̀, kò wo ojú ọ̀nà tó ti lu. Bó bá fa ti apá kan ju ti èkejì lọ, imú bàálù á yí sí apá yẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe darí rẹ̀ nígbà tí táyà iwájú kò gbọ́rọ̀ mọ́. Igbákejì rẹ̀ ní kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, igbákejì náà wá yí bọ́tìnnì bíréèkì sí ọ̀nà ọ́ìlì kẹta, èyí tí pọ́ǹpù iná mànàmáná ń tì. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò ná? Ohun tí kì í jẹ́ kí táyà gan kò ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà kẹta. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí agbára dé, táyà á gan, ọ̀dà á gé e, á bẹ́. Ẹ̀sọ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Kó tó dúró pátá, awakọ̀ dá ọ̀pá padà, nítorí bàálù yìí lè fi abẹ̀bẹ̀ rìn sẹ́yìn, bí wọ́n bá sì tẹ bíréèkì nígbà tó ń fà sẹ́yìn, ó lè fi ìdí jókòó.

Ẹrù inú rẹ̀ kò kúrò níbi tí wọ́n dè é sí. A dúpẹ́ fún ẹni tó so ṣéènì. Òfin iṣẹ́ ni pé kí wọ́n so ẹrù tọ́ọ̀nù kan bí ẹni pé tọ́ọ̀nù mẹ́ta ló fẹ́ já síwájú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jó ní kété tí bàálù dúró. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ewu ti bẹ̀rẹ̀. Pẹrẹsẹ irin tó tò léra wọn ni bíréèkì yìí, ó sì ti gbé gbogbo eré bàálù mì, ó sọ ọ́ di ooru. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ooru náà kì í dúró síbi irin: á máa rìn lọ sínú ríìmù àti táyà, ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn tí bàálù dúró ló sì sábà máa ń le jù. Bí ríìmù bá fọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ń fò sí bí ọta ìbọn. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn, kó gba iwájú tàbí ẹ̀yìn wá, kó má ṣe gba ẹ̀gbẹ́.

Nítorí náà ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ohun tí wọ́n ṣe. Wọn kò fa bíréèkì ìpáàkì, kí pẹrẹsẹ gbígbóná má baà lẹ̀ mọ́ra. Táyà iwájú, tí kò ní bíréèkì tí kò sì gbóná, ni wọ́n fi wẹ́ẹ̀jì sí, tiwájú tẹ̀yìn. Ìgbà tí wẹ́ẹ̀jì wọlé tán ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn ńlá ẹ̀yìn, nítorí ọ̀nà ọ́ìlì kẹta tó ń di bàálù mú náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fi ìwàǹwára ṣí i lè gba agbára lọ́wọ́ bíréèkì. Àwọn ọmọ wa gba ẹ̀yìn jáde tààrà, ẹnì kankan kò yà sí ẹ̀gbẹ́.

Àwọn panápaná dúró lókèèrè, wọn kò da omi sí i, torí pé irin gbígbóná tí omi tútù bá lù lójijì lè fọ́. Ìyẹ̀fun ìpaná ni wọ́n gbé dání. Ọ́ìlì pupa tó dà sílẹ̀ sì jẹ́ irú tuntun, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 83282, tí kì í gbaná títí ooru fi tó 205°C. Irú àtijọ́, tí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 5606, lè gbaná ní 82°C. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, ẹ má ṣe bu ọ́ìlì pupa bẹ́ẹ̀ sínú bíréèkì mọ́tò o. Á mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú, bíréèkì náà á sì kọṣẹ́.

Náítírójìn ló wà nínú táyà wọ̀nyí, kì í ṣe atẹ́gùn lásán, kí iná má baà rí ohun jẹ nínú wọn. Èdídí kékeré kan tún wà lára ríìmù tó ń yọ́ bí òjé nígbà tí ooru bá pọ̀ jù, kí náítírójìn lè rọra jáde. Táyà ẹ̀yìn lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í mí fùùù, ó rọra wálẹ̀, kò bẹ́. Àwọn tí kò mọ̀ kígbe. Àwa tó mọ̀ kúnlẹ̀.

Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ríìmù náà. Ìgbà yẹn la tó dá orin sílẹ̀.