Ohun tí eku alátọ̀gbẹ kọ́ mi nípa ìwádìí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kàwé ìṣègùn, bí wọ́n bá ní kí ẹ wá bá wọn ṣiṣẹ́ nílé eku, níbi tí wọ́n ti ń sin eku fún ìwádìí, ẹ má kọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ kó tó gbà á gbọ́, ó sì ń wúlò fún mi ní wọ́ọ̀dù títí dòní.

Àtọ̀gbẹ la ṣiṣẹ́ lé lórí. Alloxan, kẹ́míkà kan, la fi ń fà á fún eku Wistar, irú eku tí wọ́n ń sin fún ìwádìí. Ó máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì beta inú pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, àwọn tó ń ṣe ínsúlínì, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Láti 1943 ni wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú omi, nítorí náà ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀ la máa ń pò ó.

Ṣúgà eku kì í kàn gòkè kó dúró síbẹ̀ o. Bí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ṣe ń kú, ínsúlínì inú wọn á tú dà sínú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà á sì já wálẹ̀ pátápátá kó tó wá tún gòkè. Láàárín ìgbà yẹn, eku lè kú mọ́jú, ìdí nìyẹn tí a fi ń po glucose, ìyẹn ṣúgà, sínú omi mímu wọn. Bí mo ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín láti ìrù wọn wọn ṣúgà, tí nọ́ńbà ń já lójú mi, ni ohun tí mo ti há sórí nípa ínsúlínì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi.

Omi ewúro la fẹ́ dán wò, bóyá ó lè mú ṣúgà wọn wálẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ṣúgà àwọn eku mìíràn tó gba alloxan máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, láìlo oògùn kankan. Bí kò bá sí ọ̀wọ́ kan tó ní àtọ̀gbẹ tí kò gbà ju omi lásán lọ, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ewúro ló ṣe é. Bí ẹ bá sì fẹ́ pín wọn, kèké ni kí ẹ ṣẹ́. Eku tó rọrùn láti mú nínú àgò lè jẹ́ èyí tó ti rẹ̀ jù. Bí ẹ bá kó irú wọn sí ọ̀wọ́ kan, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń wọn ṣúgà kò sì gbọdọ̀ mọ èyí tó mu ewúro.

Eku kì í ṣe èèyàn. Àtọ̀gbẹ alloxan jọ oríṣi kìíní, níbi tí ara kì í ti í ṣe ínsúlínì tó, bẹ́ẹ̀ oríṣi kejì, níbi tí ara kì í ti í gbọ́ràn sí ínsúlínì dáadáa, ló wọ́pọ̀ jù lára aláìsàn wa. Bí màmá kan bá wá sọ fún mi pé, "Dókítà, ewúro ni mo ń mu, ṣúgà mi ti wálẹ̀," èmi kì í bá wọn jiyàn. Mo máa ń béèrè pé, "Mà, ṣé ẹ ti jẹun kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n? Ṣé ẹ ṣì ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ yín?"

Kí ẹ tó fọwọ́ kan eku kankan, ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí, kí ẹ sì ṣírò iye eku tó pọn dandan. Ẹ̀mí ni wọ́n. Bí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú sínú àwo ní yàrá ìwádìí bá lè dáhùn ìbéèrè yín, ẹ fi eku sílẹ̀.