Ẹ Kọ́ Ibi Tí Àyẹ̀wò Ti Lè Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ sí Ẹ̀yin Àbúrò Mi Nídìí Iṣẹ́ Láàbù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra ìdánwò lórí ìtọ̀, omi ara àti bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání láti inú iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń há iye tó yẹ kí ara ní sórí, a kì í sì í bi ara wa léèrè pé kí ló lè mú kí àyẹ̀wò kan sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè yìí ka ìwé ni ẹ̀kọ́ náà tó yé mi, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí àyẹ̀wò ti ń ṣìnà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìtọ̀ ló pọ̀ jù lórí tábìlì wa, òun náà sì ni a ń fojú kékeré wò jù. Láàárín wákàtí méjì tí a gbà á ló yẹ kí a ti yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá sì ṣeé ṣe, inú fíríìjì ló yẹ kó wà. Bí ó bá pẹ́ nínú ooru, kòkòrò á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, wọn á jẹ ṣúgà ibẹ̀, wọn á sì sọ yúríà di ammonia, pH rẹ̀ (ìwọ̀n tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe ga sí i ni kíkan ń dín kù) á sì gòkè. Nígbà náà ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti àwọn cast (purotéènì tó dì bí ọ̀pá kékeré nínú kíndìnrín) á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Strip, ìyẹn ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rì bọ ìtọ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ lè yí padà, pàápàá lè wá fi purotéènì hàn níbi tí kò sí, nítorí pé ojú ibi tó ń wo purotéènì ní èròjà tó ń mú kí pH ibẹ̀ dúró sí 3, ìtọ̀ tí pH rẹ̀ bá ti ga jù sì lè borí èròjà náà. Nítorí náà, ẹ kọ wákàtí tí a gba ìtọ̀ sára ìgò, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó gbé strip.

Strip yìí kan náà mọ albumin, purotéènì tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀jẹ̀, dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ purotéènì Bence Jones ti àrùn myeloma, ìyẹn jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun. Ibi tó ń wo ẹ̀jẹ̀ lórí rẹ̀ kì í dá sẹ́ẹ̀lì nìkan mọ̀: hemoglobin (èròjà pupa inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀) tó ti tú jáde àti myoglobin (irú rẹ̀ tó wà nínú iṣan) láti inú iṣan tó fara pa náà lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Bí strip bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ wà, tí máíkírósíkóòpù kò sì rí sẹ́ẹ̀lì pupa kankan, ẹ má ṣe sáré pa ọ̀kan rẹ́ nínú èsì méjèèjì, nítorí wọ́n lè jọ jẹ́ òótọ́. Fítámì C, tí àwọn ènìyàn wa ń lò bí ẹni ń jẹ gúgúrú, lè bo ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ àti nitrite (àmì pé kòkòrò wà nínú ìtọ̀) mọ́lẹ̀. Ti ketone, èròjà tí ara ń ṣe nígbà tó bá ń jó ọ̀rá, ló sì wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀: acetoacetate ni strip ń rí, kì í rí beta-hydroxybutyrate, èyí tó máa ń pọ̀ jù nígbà tí ketone bá da ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ rú. Bí ìtọ́jú bá ti ń ṣiṣẹ́, èkejì á máa yí padà di èkíní, àwọ̀ strip á sì lè dúdú sí i nígbà tí ara aláìsàn ń yá.

Lágbègbè tí àtọ̀sí ajá wà, bíi àwọn abúlé tó yí adágún omi Ọ̀yán ká ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àkókò tún ní ìtumọ̀ mìíràn. Láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni ẹyin Schistosoma haematobium, tó ní ṣóńṣó lẹ́nu ìdí, máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀.

Ní ti omi ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ má ṣe fọwọ́ kékeré mú nọ́ńbà ara ìgò. Ìgò kìíní ni ti chemistry, èkejì ni ti culture (gbígbin kòkòrò kí a lè dá a mọ̀), ẹ̀kẹta ni a fi ń ka sẹ́ẹ̀lì, nítorí pé abẹ́rẹ́ lè da ẹ̀jẹ̀ sínú ti àkọ́kọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dín kù láti ìgò kìíní dé ẹ̀kẹta, abẹ́rẹ́ ló jọ pé ó fà á. Bí ó bá dọ́gba, ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ kíá. Ìgò culture kò gbọdọ̀ wọ fíríìjì, torí òtútù lè pa àwọn kòkòrò tó ń fa yírùnyírùn. Ṣúgà inú omi yìí sì sábà máa ń tó nǹkan bí 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà 60 mg/dL tó dà bí ẹni pé ó dára lè burú gan-an lára alátọ̀gbẹ tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 300.

Níbi antibody, èròjà tí ara ń ṣe láti gbógun ti àrùn, pípọ̀ jù pàápàá lè di àìrí. Nínú àyẹ̀wò RPR fún sífílísì, antibody kọ̀ọ̀kan ní láti di ohun méjì mú pọ̀ kí ìdìpọ̀ tó hàn sí ojú. Bí antibody bá pọ̀ ju antigen (ohun tí antibody ń dì mú) lọ, kálukú á di tirẹ̀ mú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì ní sí ìdìpọ̀. Èyí ni prozone, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìpele kejì àrùn náà. Bí àmì àrùn bá wà lára aláìsàn tí èsì sì sọ pé kò sí, ẹ fi omi iyọ̀ la serum (omi tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ dì) náà, kí ẹ tún un ṣe.

Èyí tó ń dùn mí jù ni Widal, àyẹ̀wò tó ń wá antibody táífọ́ọ̀dù nínú ẹ̀jẹ̀. Láti 1896 ni àyẹ̀wò yìí ti wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì sábà máa ń ṣe é níbí kí a tó sọ fún ènìyàn pé ó ní táífọ́ọ̀dù. Ní ilẹ̀ tí àrùn náà ti wọ́pọ̀, antibody àtijọ́ ti wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn kòkòrò mìíràn tó bá Salmonella (ìdílé kòkòrò tó ń fa táífọ́ọ̀dù) tan náà sì lè mú kí ó hàn. Ohun tí ìwé wí ni kí a gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá wà láàárín wọn, kí titer (ìwọ̀n antibody náà) sì fi ìlọ́po mẹ́rin gòkè. Aláìsàn wa kì í sábà padà wá fún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, bí dókítà bá kọ Widal nìkan sínú ìwé, ẹ pè é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ bi í bóyá a lè gba ẹ̀jẹ̀ fún culture kí aláìsàn tó gbé oògùn apakòkòrò àkọ́kọ́ mì.