Tẹ́ẹ bá fẹ́ rí dókítà àmọ́ tó jẹ́ èèyàn gan-an lẹ̀ ń bẹ̀rù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé sọ fún ẹni tó ní social anxiety disorder, ìyẹn àìsàn kéèyàn máa bẹ̀rù àwọn èèyàn àti ojú tí wọ́n á fi wo òun, pé kó ṣọkàn akin o. Kì í ṣe ìtìjú lásán. Onítìjú á tijú díẹ̀, tó bá yá ara ẹ̀ á balẹ̀, àmọ́ èmi, tí wọ́n bá ti ní mítìn máa wà ní Mọ́ńdè, láti Tọ́sìdeè ni inú á ti máa run mí, àyà mi á máa já, oorun ò ní kun mi, tí mítìn bá wá parí màá tún jókòó máa ro gbogbo ohun tí mo sọ níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe wò mí. Àwọn dókítà ní tó bá ti tó oṣù 6 tó ń díni lọ́wọ́, àìsàn nìyẹn.

Nínú danfo ńkọ́? Ará Èkó mọ̀ pé àfi kéèyàn pariwo "ó wà o!" kí kọ́ńdọ́ tó gbọ́. Ohùn mi ò kí ń jáde. Onípanu ni mò ń lọ, màá máa wò ó títí á fi kọjá, màá wá dúró de ẹni tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ ní Palmgrove tàbí Ọbaníkòró, màá sì fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn. Ládùúgbò, tí mo bá yà bàrá torí àwọn ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́, ọmọ tí ò kí àgbà.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé èèyàn ló kún ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà yìí, wọ́n á ní, bẹ́ẹ̀ fóònù gan-an lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí! Ní ọsibítù tí mo kọ́kọ́ lọ, obìnrin ibi káàdì bi mí lójú gbogbo ayé pé "kí ló ń ṣe ẹ́?" Mo ní mo wá wo ẹnì kan ni, mo bá yíra padà. Tẹ́ẹ bá sì sọ ọ́ nílé, wọ́n á ní ṣé Àrò lo fẹ́ lọ ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n á ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni.

Àrò yẹn ṣá, ọsibítù ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta, nígbà tí Lambo tó jẹ́ dókítà ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1954, mọ̀lẹ́bí máa ń tẹ̀lé aláìsàn wá ni, wọ́n á jọ máa gbé láàárín ará abúlé. Torí náà, ẹ̀yin náà ẹ má dá lọ rí dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi gba káàdì, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú bébà, mo kàn nà án sí dókítà. Ó kà á, kò rẹ́rìn-ín.

Ìtọ́jú ẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú asáìnmẹ́ǹtì kí ara mi lè mọ́ ohun tí mò ń bẹ̀rù: kí n béèrè iye tòmátì lọ́jà, kí n má rà á, kí n sì dúró gba èébú. Ìyá yẹn bú mi lóòótọ́. Mi ò kú.

Tí wọ́n bá fún yín ní oògùn bíi sertraline, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín. Ẹ fi paragá sílẹ̀. Propranolol, oògùn tó ń dín àyà jíjá kù, tí àwọn kan ń rà ní kẹ́mísì kí wọ́n tó gun pèpéle, ẹni tó bá ní asthma ò gbọ́dọ̀ dán an wò láìrí dókítà.